Àfáà gbé rúùkù, ó tún dá a padà: ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni àbí kí n dákẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ìlọrin ni mò ń gbé. A ní ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì kékeré kan ládùúgbò wa, ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Àfáà la jọ ta, ìṣẹ́jú 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo mú funfun.

Ó dé ibì kan (nínú orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan lórí pátákó, lẹ́tà ni òpó, nọ́ńbà ni ìlà). Rúùkù mi wà ní e1, ẹṣin mi wà ní c3, pọ́ọ̀nù mi kan wà ní d4 tí nǹkan kan kò ṣọ́. Ọba Àfáà wà ní g8, pọ́ọ̀nù f7, g7 àti h7 dí i mọ́lé. Rúùkù rẹ̀ wà ní d8, ẹṣin rẹ̀ wà ní a5. Àfáà gbé rúùkù, ó na ọwọ́ kan náà, ó mú pọ́ọ̀nù d4 mi kúrò lórí pátákó. Kí ó tó gbé rúùkù kalẹ̀, ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wúkọ́. Àfáà dá ọwọ́ dúró, ó wo ojú pátákó dáadáa, ó rí i pé rúùkù mi máa wọ e8 tí òun bá jẹ pọ́ọ̀nù yẹn, ṣẹ́ẹ̀kì-méètì, ìyẹn ni pé ọba òun kò ní ríbi sá, ayò ti parí. Ló bá dá pọ́ọ̀nù mi padà, ó dá rúùkù tirẹ̀ náà padà, ó ní "mo kàn ń tò wọ́n ni", ó wá sún pọ́ọ̀nù h7 sí h6.

Mo dákẹ́. Mo gbé rúùkù mi lọ sí d1 láti ṣọ́ pọ́ọ̀nù, a sì ń ta á lọ. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì, Àfáà dìde lọ kírun, èmi ló kàn láti sún, aago mi ló ń lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀mì ni. Àwọn kan ní ọmọ àbíire ni mí. Àwọn kan ní òpè ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

* * *

Àbúrò, ìwọ lo pa ayò yẹn. Kí a kọ́kọ́ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dá sí i ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òfin kò ṣe kedere.

Òfin FIDE, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ṣẹ́ẹ̀sì láti 1924, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ayò tirẹ̀ nígbà tó kàn án, òun náà ni yóò sún. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ti ẹnì kejì, yóò jẹ ẹ́, bí ọ̀nà bá wà láti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan méjèèjì, ti ara rẹ̀ ni yóò fi jẹ ti ẹnì kejì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ ti yàtọ̀ sí èyí tí a máa ń bá pàdé lójoojúmọ́. Ká ní rúùkù nìkan ni Àfáà gbé, kò sí ẹni tó lè fipá mú un lọ sí d4. Bó o bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò, wàá sún un, ṣùgbọ́n ibi tó bá wù ọ́ lo lè gbé e sí, níwọ̀n ìgbà tí o kò bá tíì jù ú sílẹ̀. Ó lè gbé e sí c8 tàbí b8, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ìlà kẹjọ tí ọba rẹ̀ wà, á ṣì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ayò á máa lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, wọ́n á ní "o ti nà án síwájú, ibẹ̀ náà ni kí o gbé e sí". Irọ́ ni. Àmọ́ pọ́ọ̀nù rẹ ti kúrò lórí pátákó. Rúùkù wà lọ́wọ́ rẹ̀, pọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó kù ju kí ó fi rúùkù jẹ d4, kí ìwọ sì wọ e8. Ọba kò ríbi sá, ẹṣin a5 kò lè dé f8 láti dí ọ̀nà. Ó parí.

"Mo ń tò wọ́n" kọ́? Ẹni tó bá fẹ́ tò ó, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ fi sọ ọ́ kí ó tó nawọ́. Mo kò tíì rí ẹni tó ń to pọ́ọ̀nù ẹlòmíràn nípa gbígbé e kúrò lórí pátákó.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lábẹ́ ìbéèrè yìí láti àná. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yín pín sí.

Àwọn kan ní àgbà ni àgbà ń jẹ́, pé ọmọ ọdún 24 kò gbọdọ̀ wo ojú ẹni tó ju bàbá rẹ̀ lọ kí ó ní "ẹ ti fọwọ́ kàn án". Àwọn kan ní ayò àdúgbò ni, kò lówó, kò ní ife ẹ̀yẹ, kí ló kàn wá kan òfin FIDE. Àwọn kẹta ní kí o padà lọ bá ẹgbẹ́ kí wọ́n yí àbájáde rẹ̀ padà, kí ìwọ gba ojú àmì kan, kí Àfáà má gba nǹkan kan.

Àwọn kẹta yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí tiwọn kò gba àkókò. Kò ṣeé ṣe mọ́. Òfin kan náà tó ní kí Àfáà jẹ pọ́ọ̀nù yẹn ló ní bí ìwọ bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò tìrẹ láti sún, ẹ̀tọ́ rẹ láti fi ẹjọ́ yẹn sùn ti lọ. Ìgbà tí o gbé rúùkù lọ sí d1, o ti gba h6 wọlé. Kí ọ̀mì máa jẹ́ ọ̀mì. Má ṣe gbé ìwé lọ bá ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ní ayò àdúgbò ni, mo bi yín: ẹ ń tẹ aago, àbí ẹ kì í tẹ̀ ẹ́? Ẹ ń kọ ẹni tó pa ẹni tí a pa sínú ìwé, àbí ẹ kì í kọ ọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí á máa dá ọwọ́ padà, kí ó sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà máa ń bá àwọn ọmọ mi ta bẹ́ẹ̀ nínú ilé, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n a kì í tẹ aago lé e lórí.

Ó wá ku àwọn tó ní àgbà ni àgbà ń jẹ́. Tiyín ló gbà mí lọ́kàn jù.

* * *

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ẹ mọ oríkì wa: ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó dáadáa. Bí àgbà àti ọmọdé bá jọ wọ̀yá ìjà, tí ẹ̀yìn àgbà kan ilẹ̀, ṣé wọ́n á ní kí ó dìde, kí á ṣe bí ẹni pé kò ṣubú? Ẹ̀yìn tó kan ilẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá kúrò lójú agbo ni ọmọdé yóò dọ̀bálẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ ibi tí ọ̀wọ̀ wà, wọ́n mọ ibi tí ìjà wà, wọn kò da méjèèjì pọ̀.

Ní 1993, mo wà nílé ìwé girama, olùkọ́ wa kan ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì. Pátákó pákó ni, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù funfun kan ti sọnù, ìdérí ìgò la fi ń rọ́pò rẹ̀, ó ti pẹ́ débi pé èmi kì í rí i ní ìdérí mọ́, bíṣọ́ọ̀bù ni mò ń rí. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kan ayaba rẹ̀, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní ìka rẹ̀, àmì funfun hàn lára ayaba dúdú yẹn gbọnrangandan. Ó fi í sílẹ̀, ó sún ẹṣin. Mo rí i. Mo dákẹ́, torí olùkọ́ mi ni.

Ó pa mí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ayaba náà sókè, ó fi àmì ẹfun hàn mí. Ó ní, "O rí i, àbí o kò rí i?" Mo ní mo rí i, sà. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?" Mi ò lè fèsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi ta. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni pé òun wá ẹni tí òun lè bá ta, òun kò wá ẹni tí yóò máa fún òun ní ayò jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé dídákẹ́ fún àgbà níwájú pátákó kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ohun tí o ń sọ fún un ni pé o kò kà á sí ẹni tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ kékeré ni a máa ń jẹ́ kí ó dá ayò padà.

* * *

Ẹnì kan láti Òmù-Àrán kọ̀wé pé àwọn ọ̀dọ́ gan-an ló ń rú òfin yìí jù, pé àwọn àgbà ló mọ ọwọ́ dì. Mo fara mọ́ ọn ju bí ó ti rò lọ.

Lẹ́yìn tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ta á fún wákàtí 60 ní Times Square, ní New York, ní oṣù kẹrin 2024, àwọn ọmọ tuntun ya wọ ẹgbẹ́ wa. Inú mi dùn sí i, ó ṣì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ ọ. Lórí fóònù, o lè tẹ ẹṣin, kí o fi í sílẹ̀, kí o tẹ bíṣọ́ọ̀bù, fóònù kò ní bínú. Ó máa ń dá ọ dúró bí ohun tí o fẹ́ ṣe kò bá bófin mu. Ó máa ń tẹ aago fún ọ. Ìgbà tí wọ́n bá dé iwájú pátákó gidi, ọwọ́ wọn á máa rìn káàkiri bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún sún, wọ́n á fi ọwọ́ òsì tẹ aago, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí a fi sún náà ni a gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fẹ́ fi ọba pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rúùkù (ìsún kan ṣoṣo tí ọba àti rúùkù jọ máa ń rìn), rúùkù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Ọba ni a máa ń kọ́kọ́ gbé. Bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan rúùkù kí o tó kan ọba, o ti pàdánù ìfipamọ́ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ní ìsún yẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé àti àgbà. Ibi tí oníkálukú ti kọ́ ayò rẹ̀ ni.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ẹni tó wúkọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti fò ó kọjá. Lójú tèmi, òun ló jẹ̀bi jù lọ́jọ́ náà. Àfáà ti fẹ́ gbé rúùkù kalẹ̀, ikọ́ yẹn ló dá a dúró.

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, bí a bá dé, a máa ń kí wọn pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ́." Wọ́n á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ìdí ayò ṣe máa ń rí: òǹwòran á máa pariwo, wọ́n á máa yẹ̀yẹ́ ẹni tí wọ́n ń pa, wọ́n á tilẹ̀ máa tọ́ka sí ihò. Dráfù lábẹ́ igi náà bẹ́ẹ̀, ariwo ló ń gbé e dùn. Ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ 48, gbogbo ojú ló ń rí i, apá kan adùn rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń ta lè gbójú kúrò lára ariwo.

Ṣẹ́ẹ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè pa ayò wákàtí kan run. "Hẹ̀n-ẹ́n" kan, ikọ́ kan, kí ẹnì kan yí ẹsẹ̀ padà lójijì. Nínú ẹgbẹ́ wa, nǹkan tí a ṣe ni pé òǹwòran kò dúró lẹ́yìn ẹni tó ń ta mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò wà, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí tábìlì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, yóò jáde síta títí ayò yẹn yóò fi parí. A ti lé àgbà jáde rí. A ti lé èmi náà jáde rí, ní ọdún tó kọjá, nítorí mo mí kanlẹ̀ nígbà tí ọmọ kan fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ láìṣọ́. Ó tọ́ sí mi.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìrun. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ìjà ẹ̀sìn, ẹ dákun, torí mo ti rí ẹni méjì tí wọ́n ti ń gbé e lọ síbẹ̀.

Ìlọrin la wà. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ aago ìṣẹ́jú 30 kọ̀ọ̀kan nígbà tí Àlàásárì ti sún mọ́, ó mọ̀ pé wákàtí kan ni ayò yẹn lè gbà, ó sì mọ̀ pé wọ́n á pe ìrun láàárín rẹ̀. Kò yẹ kí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni lójijì. Lábẹ́ òfin, kò sí ẹni tó kàn lè dá aago dúró nítorí pé ó wù ú. Ó lè dá a dúró láti pe rẹfirí, rẹfirí ló sì láṣẹ láti ní kí ayò dúró. Níbi tí kò bá sí rẹfirí, àdéhùn ni rẹfirí. Àfáà kò ṣe ohun tó burú bó ṣe lọ kírun. Ohun tó burú ni pé ẹ̀yin méjèèjì kò dá aago dúró, àti pé ìwọ jókòó síwájú pátákó tí o ń wo aago rẹ tó ń lọ, tí o kò na ọwọ́ láti tẹ ìdádúró.

Ohun tí àwa ń ṣe nìyí. A kì í bẹ̀rẹ̀ ayò gígùn ní wákàtí kan sí ìrun. Lẹ́yìn Àlàásárì ni a ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń parí kí Mọ̀gàríbì tó dé. Bí ó bá ṣèèṣì bọ́ sí i, aago méjèèjì á dúró, a ó kọ ìṣẹ́jú tó kù fún oníkálukú àti ẹni tó kàn láti sún sínú bébà, a ó fi aṣọ bo pátákó. Kristẹni tó ń ta náà á dìde kúrò nídìí rẹ̀, kó má bàa jókòó kó máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ronú nígbà tí ẹnì kejì wà lórí ẹní ìrun. Láti ìgbà tí a ti ń lo aṣọ yẹn, a kò jà lórí rẹ̀ rí. Ànkárá àtijọ́ kan ni, ìyàwó ọ̀kan nínú wa ló gé e fún wa.

* * *

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá, ó fi ìparí ayò náà ránṣẹ́. Ó ní ó ku rúùkù àti pọ́ọ̀nù kan fún òun, ó ku rúùkù nìkan fún Àfáà. Ọba funfun e5, pọ́ọ̀nù d5, rúùkù a7. Ọba dúdú d8, rúùkù dúdú b6. Ó ní òun sún pọ́ọ̀nù sí d6, Àfáà gbé rúùkù sá lọ sí b1, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́ẹ̀kì (ìkọlù sí ọba) lé òun kiri láti ẹ̀yìn, òun kò ríbi fara pamọ́ sí. Ó béèrè pé ibo ni òun ti ṣì í.

O kò ṣì í. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni kí o lè bọ̀wọ̀ fún Àfáà níbi tí ọ̀wọ̀ ti tọ́ sí i.

Ipò yẹn ní orúkọ. Philidor ni à ń pè é, orúkọ ọmọ Faransé kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún tó tún jẹ́ olórin. Rúùkù tó dúró ní ìlà kẹfà ń dènà ọba rẹ: kò lè gun d6, kò lè gun e6. Níwọ̀n ìgbà tí pọ́ọ̀nù bá ṣì wà ní d5, dúdú kò ní ṣe nǹkan kan ju pé kí ó máa rìn lórí ìlà yẹn, b6, g6, h6. Ìgbà tí pọ́ọ̀nù bá gun d6 báyìí, ọba funfun kò ní ibi tó lè sá pamọ́ sí mọ́ níwájú pọ́ọ̀nù rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni rúùkù dúdú gbọ́dọ̀ sá lọ sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Bí Àfáà bá pẹ́ ìsún kan, ọba rẹ á bọ́ sí e6, rúùkù rẹ á wọ a8, méètì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kwara yìí tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀ta ni kò mọ ìyẹn. Mo ti rí ẹni tó fi rúùkù sí ìlà kẹjọ tó ń dúró de ikú. Àfáà mọ̀ ọ́n, ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí aago ń lọ. Ẹni tó lè ta ìparí bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a ṣàánú rẹ̀ lórí rúùkù d8.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè bá ọ wí ni ìkánjú. O kò ní ohun tí o máa pàdánù níbẹ̀. Fi pọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní d5, gbé rúùkù rẹ lọ, gbé e bọ̀, jẹ́ kí ó máa ronú. Bí ipò kan náà kò bá ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, ìsún 50 fún oníkálukú láìsí pọ́ọ̀nù tó rìn, láìsí ohun tí a jẹ, ló gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó lè ní ọ̀mì ni. Kí ó fi nǹkan bí ogún nínú rẹ̀ wá ọ̀nà.

* * *

O bi mí ní ẹ̀ẹ̀kejì pé ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí o fi sọ ọ́ fún un bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, torí ẹnu rẹ kò gbà á.

Má pariwo. Má tọ́ka. Má wo àwọn òǹwòran bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. Má fọwọ́ kan ọmọ ayò kankan. Tẹ ìdádúró aago, kí o sì rọra sọ pé, "Àfáà, ẹ dákun, rúùkù ti kúrò nílẹ̀, pọ́ọ̀nù náà ti kúrò nílẹ̀." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má fi "ẹ má bínú" mẹ́wàá lé e, torí bí o bá ti ń bẹ̀bẹ̀ jù, ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ̀bùn ni o ń tọrọ.

O ní bí ó bá tún ní òun ń tò ó ńkọ́? Má bá a jiyàn, bó ti wù kó rí. Àgbà àti ọmọdé tó ń jiyàn lórí ohun tí ọwọ́ ṣe, àgbà ni wọ́n máa gbè. Ẹnì kẹta ni kí ó sọ̀rọ̀, ẹni tí kò ta ayò lọ́jọ́ náà, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ gbà sí. Sátidé yìí, kí ẹ tó tẹ aago, sọ fún Àfáà pé kí òun fúnra rẹ̀ yan ẹni náà.